Yàrá Tí A Kò Gbá ní Èbúté

Ilé ọkọ mi ni ìkẹta láti etí omi. Láti àtẹ̀gùn iwájú ilé dé ìdí igi tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń so ọkọ̀ mọ́ jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mọ́kànlélógójì nígbà tí ọ̀sà bá kún. Kí n tó bímọ, n kò mọ iye rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo bí àkọ́bí mi, àràárọ̀ ni mò ń kà á, kí n lè mọ bí omi ṣe súnmọ́ wa tó.

Èbúté náà wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Rẹ́mọ, níbi tí ọ̀nà tó ti Ọ̀fin ní Ṣàgámù wá ti pin sí ọ̀sà. Ẹni tó bá fi ìdájí kúrò ní Ọ̀fin, tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo, yóò dé ọ̀dọ̀ wa kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá ti Èkó wá, bí afẹ́fẹ́ bá gbè é, yóò gúnlẹ̀ lọ́sàn-án. Èrò tó ń lọ àti èrò tó ń bọ̀ ní láti sùn lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣòwò nìkan ló sọ èbúté wa di ìlú. Àwọn ìyàwó Sàró tí ikọ́ ń bá jà, àwọn Àgùdà tó fẹ́ sinmi lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, àwọn olùkọ́ tí ilé ìwé wọn ti ti ilẹ̀kùn fún ìsinmi, gbogbo wọn ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa fẹ́ sí wọn lára. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ Èkó ti kún fún èéfín àti òórùn ẹja. Tiwa náà ní òórùn ẹja, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá wọn jiyàn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ìyàwó, ilé méje péré ló ń gba àlejò. Láàárín ọdún mẹ́rin, wọ́n ti di mọ́kàndínlógún. Páànù ti rọ́pò koríko lórí mẹ́fà nínú wọn, káfíńtà kan sì ti ń bọ̀ láti Èkó wá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́.

Ilé tiwa ní yàrá mẹ́fà fún àlejò, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Ìyá ọkọ mi ló ni ín. Ọmọ Rẹ́mọ pọ́ńbélé ni, ulé ló ń pe ilé títí ó fi kú, àpá ìgbóná tó mú un ní kékeré sì wà ní ojú rẹ̀ bí ìgbà tí òjò pa iyanrìn. Èmi, Èkó ni wọ́n ti bí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Ìkẹ́nẹ́ ni bàbá mi. Mo ti ka ìwé dé òpin ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, níbi tí a ti ń gbá yàrá ní kété tí agogo bá ti dún.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, olùkọ́ kan gbéra lọ sí Èkó láàárọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì rékọjá igbó èèsún tí mo ti mú ìgbálẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbà á lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà.

“Ta ló ní kí o gbá a?”

“Àlejò ti lọ, Ìyá.”

“Ó ti lọ, kò tíì dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ níbí. Ṣé o fẹ́ gbá ẹsẹ̀ ènìyàn dànù nígbà tó ṣì wà lójú omi?”

Ibi gbogbo ni wọ́n ti mọ̀ pé a kì í gbálẹ̀ lẹ́yìn arìnrìnàjò lójú ẹsẹ̀. Ní ilé bàbá mi, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó ti parí. Ní èbúté, àwọn èèyàn kò fi àkókò díwọ̀n rẹ̀. Ìròyìn ni wọ́n ń dúró dè. Ọlọ́kọ̀ tó gbé àlejò lọ gbọ́dọ̀ padà wá sọ pé ó ti gúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹní rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọlọ́kọ̀ náà dé, ó kígbe láti inú omi.

“Ìyá, àlejò yín ti gúnlẹ̀ o. Kò tíì fi ẹsẹ̀ kejì tẹlẹ̀ tó fi ń sọ̀rọ̀ ẹja díndín yín.”

“Irọ́ lò ń pa,” ni ìyá ọkọ mi dá a lóhùn. “Ìwọ ni ẹja díndín ń pa. Wá jẹun.” Ó wá kọjú sí mi. “Ìyàwó, gbá a wàyí.”

Mo gbá a. Mo rò nínú ọkàn mi pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tí kò kàwé ni. Bí mo ṣe rò ó fún ọdún mẹ́rin nìyẹn, tí mo ń pa á mọ́ nítorí àlàáfíà ilé.

Káfíńtà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ní ọdún karùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọ̀dọ̀ wa ló wọ̀ sí, ní yàrá kẹta lápá ọ̀tún. Ó máa ń kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta bí ó bá fẹ́ omi, nítorí ikọ́ kì í jẹ́ kó pariwo. Ọmọ kejì mi ń rá nígbà náà, ohunkóhun tó bá rí nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o sí. Lójoojúmọ́ ni mo ń wo ilẹ̀ yàrá káfíńtà yẹn, tí mo ń wo ọmọ mi. Nígbà tí ọkùnrin náà gbéra lọ sí Èkó láti ra ìṣó, ìyá ọkọ mi wà ní ọjà. Mo wọ́n omi sílẹ̀, mo gbá yàrá náà láti igun dé igun, mo da ilẹ̀ rẹ̀ sínú iná, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ náà dànù kó tó dé Èkó. Ènìyàn mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin kú, káfíńtà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò sọ fún ọkọ mi, n kò sì sọ ọ́ nínú àdúrà, nítorí mo mọ̀ pé Ẹni tí mo ń gbàdúrà sí ti rí mi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà ní ìdí ààrò nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá kẹta kí n tó rántí. N kò sọ pé òkú ń kan ògiri. Ohun tí mo gbọ́ ni mò ń sọ. Mo gbọ́ ọ ní ìgbà méjìlá láàárín ọdún yẹn, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ilé bá kún fún èrò tí ẹ̀rín wọn ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láti ìgbà náà, èmi ni mo di ẹni tó ń ṣọ́ ìgbálẹ̀. Bí ìyá ọkọ mi bá ní ó yẹ kí àlejò kan ti dé, èmi ni mo ń sọ pé kí á dúró. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyàwó òun ti gbọ́n.

Nígbà tí ọ̀ràn àwọn olórí Ìjẹ̀bú àti ti ìjọba Èkó dàrú, wọ́n ti ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ kan yóò ṣí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yóò dí. Ọkọ mi wà ní Ìsarà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀ wá. Àwọn ọmọkùnrin mi méjèèjì wà ní Èkó lọ́dọ̀ àbúrò mi, wọ́n ń lọ sí ilé ìwé. Mo ti ṣètò pé kí dókítà ìjọba rẹ́ wọn lápá kí ó fi oògùn sí i, kí ìgbóná má bàa mú wọn. Àpá tèmi wà ní apá òsì, láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé. Ọmọbìnrin mi, tí mo bí gbẹ̀yìn, ni kò ní. Mo ti dá ọjọ́ tí màá gbé e lọ. Wọ́n ti ọ̀nà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà.

Àlejò dáwọ́ dúró. Ilé mọ́kàndínlógún di èyí tí ènìyàn ń gbé inú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà inú mẹ́fà. Àwọn tó ń kó lọ sí Ṣàgámù máa ń tú páànù wọn, wọn a dì í lókùn, wọn a rù ú lọ, àwọn ògiri á sì máa wo òkè. Nínú ilé tiwa, yàrá mẹ́rin ló wà ní títì láìgbá, nítorí àwọn tó sùn níbẹ̀ gbẹ̀yìn ti lọ, kò sì sí ọlọ́kọ̀ tó padà wá jábọ̀. Bí mo bá fi ojú sí àlàfo pákó, mo lè rí ipa àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nínú eruku. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, á dúró níbẹ̀ pẹ̀lú mi, á sì máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ rọra o, ìyá mi. Àlejò ń sùn.”

“Kò sí àlejò níbẹ̀.”

“Ó ń sùn ni.”

Aránṣọ kan ni àlejò ìkẹyìn. Ọ̀nà òkè ló gbà wá, apá Ìsarà, ó ń wá ọkọ̀ tí yóò yọ́ gbé e lọ sí Èkó. Ó fi ìborùn bo orí àti ojú, ó ní òtútù ń mú òun. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò, kò jáde. Ọmọ mi máa ń gbé omi sí ẹnu ilẹ̀kùn fún un, obìnrin náà á sì máa fún un ní àjákù aṣọ pupa nípasẹ̀ àlàfo ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọlọ́kọ̀ kan gbà láti gbé e. Ó fi aṣọ ìbora aláró rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní, ó ní òun yóò padà wá gbà á.

Ìyá ọkọ mi wọlé síbẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ lọ. Kò pẹ́ tó jáde.

“Ìyàwó, mú ìgbálẹ̀ wá. Kó iná wá pẹ̀lú. Ẹní yẹn àti aṣọ yẹn, sísun la ó sun ún.”

Mo wò ó. “A kò tíì gbọ́ pé ó gúnlẹ̀, Ìyá.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.”

“Mo kọ́ ọ. Mo tún ń sọ fún ọ báyìí pé kí o mú ìgbálẹ̀ wá. Mo ti rí irú ẹní yìí rí, kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Ìwọ tí o kàwé, kí ni ìwé sọ?”

Mo mọ ohun tí ìwé sọ. Wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì pé aṣọ aláìsàn ń gbé àrùn, pé sísun ni. Mo lè sọ orí tó wà nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn wà lójú omi, mo sì ń rí i ní ọkàn mi tó ń yí, mo ń rí ìborùn obìnrin yẹn lórí omi. Mo di kọ́kọ́rọ́ mú.

“Bí ó bá rì ńkọ́?” ni mo wí. “Ìyá, bí ó bá rì ńkọ́?”

Ẹkún ni mo fi parí rẹ̀. Ìyá ọkọ mi wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń wo ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Tì í pa. Ṣùgbọ́n kí ọmọ yìí má débẹ̀.”

Mo tì í. Mo fi ọwọ́ wọn fèrèsé rẹ̀ láti ìta. Láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ fèrèsé ga ju orí ọmọ mi lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ọkàn mi sì balẹ̀. N kò ro ti apẹ̀rẹ̀ ẹja tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sí ẹ̀yìn ilé.

Ọjọ́ kẹta ni mo wá ọmọ mi tì. Mo lọ sí etí omi kọ́kọ́, mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Nígbà tí mo padà, mo rí apẹ̀rẹ̀ náà lábẹ́ fèrèsé. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ó sùn sórí ẹní, ó fi aṣọ aláró náà bora dé ọrùn, àjákù aṣọ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló ní kí o wọ ibí?”

Ó la ojú. “Aránṣọ ni. Ó ní kí n wá sùn.”

“Aránṣọ ti lọ láti ìjẹta.”

“Ó ní òtútù ń mú òun, kí n wá sùn tì òun.”

A sun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sán yẹn, ẹní, aṣọ, àti àjákù pupa tí ọmọ sunkún lé lórí. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ní ọjọ́ kejìlá, ara rẹ̀ gbóná. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ìyá ọkọ mi ya màrìwò, ó ta á sí ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ̀ kó yà. A kò pe orúkọ àìsàn náà. A tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún un, nítorí ẹní á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, a ń pààrọ̀ ewé náà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Omi ìgbín ni a fi ń pa á lára. Ojú rẹ̀ wú títí tí n kò fi mọ̀ ọ́n mọ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo fi ń dá a mọ̀, ó sì ń dín kù.

Ní ọjọ́ kẹjọ àìsàn náà, ohùn yẹn lọ. Ó ń mí, kò dáhùn. Ìyá ọkọ mi ń ya ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá kan, èmi wà lápá kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Mo sọ ti káfíńtà fún ìyá ọkọ mi. Mo sọ bí mo ṣe wọ́n omi, igun tí mo ti bẹ̀rẹ̀, iná tí mo da ilẹ̀ sí, ògiri tí mo gbọ́. Mo ní èmi ni mo pa á, pé ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbá yàrá aránṣọ, pé ọmọ mi ni wọ́n wá gbà dípò rẹ̀.

Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

“Mo mọ̀,” ni ó wí.

“Ẹ mọ kí ni?”

“Mo ti ọjà dé lọ́jọ́ yẹn, mo rí ojú ìgbálẹ̀ nílẹ̀. Ìwọ nìkan lò ń gbá ilẹ̀ láti igun. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ náà.”

“Ẹ sì dákẹ́?”

“Kí ni ǹ bá sọ? Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ènìyàn méje gbé mọ́kànlá pẹ̀lú àpò èkùrọ́. Ṣé ìgbálẹ̀ ló kó wọn sí i?” Ó tẹ́ ewé náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. “Mo rò pé o mọ̀. Mo ní ó kàwé, yóò mọ̀. Tí mo bá ti mọ̀ pé o gbé e mọ́ra ni, ǹ bá ti sọ fún ọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ká yí i.”

A yí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó béèrè ẹ̀kọ tútù. Ẹ̀kọ náà dà nù lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí èépá ojú rẹ̀ bọ́ tán, a rí i pé ojú ọ̀tún wà dáadáa, ti òsì sì ti funfun. Mo ju ọwọ́ sí iwájú rẹ̀ láti apá òsì, kò ṣẹ́jú.

Màrìwò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ọlọ́kọ̀ kan dúró sójú omi, tí kò fẹ́ gúnlẹ̀, ó sì ń kígbe. “Ìyá, aránṣọ yín ti gúnlẹ̀ láti ọjọ́ tó ti lọ. Ọ̀nà ló dí tí n kò fi rí ààyè wá sọ. Ara rẹ̀ ti le, ó ń ránṣọ.”

Ìyá ọkọ mi juwọ́ sí i. Èmi wọlé. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ kí ó sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ogun òyìnbó ṣí ọ̀nà tipátipá. Àwọn tó kù ní èbúté kun ilé wọn lẹ́fun, wọ́n ní àwọn Sàró yóò padà. Wọn kò padà. Ìkòròdú ni èrò ń gbà, àwọn mìíràn sì ti ń sọ pé òyìnbó ń to irin sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin ní apá Abẹ́òkúta, pé ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Wọ́n tún gbọ́ pé ìgbóná wọ ilé tiwa, ìyẹn sì tó. Ìyá ọkọ mi kú síbẹ̀ ní ọjọ́ ogbó. Ọkọ mi tú páànù, a kó lọ sí Ọ̀fin. Nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn, ewéko ti gba yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo dúró lọ́sàn-án gangan, mo tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju bí ǹ bá ti gbọ́ lọ.

Ọmọbìnrin mi ti di ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Mo ti bi í nípa aránṣọ lọ́nà oríṣiríṣi, mo bẹ̀rẹ̀ láti òpin, mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín, kò tíì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Láti ìgbà tó ti dìde lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, apá òsì rẹ̀ ni mo ń rìn, kí ohunkóhun má bàa jáde láti ibi tí kò lè rí. Ní oṣù tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń lọ sí odò, ó ní òun yóò bá wọn lọ, láìsí èmi. Mo ní kó lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n ṣíwájú ní ogún ìṣísẹ̀, mo sì tẹ̀ lé wọn lábẹ́ igi obì, mo bọ́ bàtà.

Wọn kò tíì dé ibi tí ọ̀nà ti yà nígbà tó dúró. Kò wẹ̀yìn.

“Ìyá mi, mò ń gbọ́ yín.”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ìyá yín ti di ọdẹ.”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ni ọmọ mi wí fún wọn. Ó wá sọ fún mi pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ: “Ẹ padà sílé, ẹ jọ̀wọ́. Mo mọ ọ̀nà.”

Wọ́n tẹ̀ síwájú. Ó yí orí rẹ̀ díẹ̀ sí òsì ní ibi tí ọ̀nà ti yà, kí ojú ọ̀tún lè rí gbòǹgbò tó dábùú ọ̀nà, ó sì gbé ẹsẹ̀ kọjá rẹ̀. Mo dúró sí ìdí igi náà títí tí n kò fi gbọ́ ohùn wọn mọ́. Lẹ́yìn náà mo wọ bàtà mi.